Ẹ̀jẹ́ Àsansílẹ̀ Phairot

Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni iṣẹ́ mi, torí pé mo ń jókòó ṣe é. Kí wọ́n wá jókòó sídìí maikì nínú pápá, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, bí obìnrin, bí ọmọ ọwọ́, bí ajá, bí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń wúkọ́, kí ọ̀rọ̀ wọn sì máa bá ẹnu àwọn tó wà lójú aṣọ sinimá mu. Ìgbà yẹn ni wọ́n á mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni mí. Fíìmù tí à ń gbé kiri abúlé kò ní ohùn kankan nínú. Èmi Buaphan ni ohùn rẹ̀. Khian ọkọ mi ló ń yí ẹ̀rọ, òun ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló sì ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Tí fíìmù bá dé ibi tó gbóná jù, tí olè fẹ́ yìnbọn tàbí tí ìyàwó fẹ́ ṣílẹ̀kùn, Khian á dá ẹ̀rọ dúró, èmi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó oògùn aràn àti oògùn ikọ́. A kì í tan ẹ̀rọ padà títí wọ́n á fi rà á dáadáa. Wọ́n máa ń bú wa, wọ́n sì máa ń rà á.

Phairot ni tẹ́lọ̀ abúlé wa. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, láti ìgbà tó ti máa ń jókòó síwájú pátápátá níbi sinimá, tí á gbójú sókè títí ọrùn á fi máa ro ó. Ọwọ́ rẹ̀ dá lórí iṣẹ́. Ó mọ àwàdà ṣe, ó sì mọ ẹja odò sun ju ìyá rẹ̀ lọ. Àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ máa ń dà á láàmú nígbà míì. Ó ti dé ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá, wọ́n sì fún un lóògùn tí á máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ń lò ó, ara rẹ̀ á balẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á máa dún láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́.

Ìgbà náà ni Tíṣà Ratsami dé sílé ìwé wa. Ó gbé ṣíkẹ́ẹ̀tì kan lọ fún Phairot pé kó bá òun gé e kúrú. Nígbà tó padà lọ gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeun. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ bá mi wá nǹkan míì nínú rẹ̀, èmi kò rí i.

Phairot rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sábẹ́ igi àjàgbọn tó kọjú sílé tíṣà. Tí tíṣà bá ṣí fèrèsé, nítorí tòun ni. Tó bá tì í, ojú ló ń tì í nítorí tòun. Tó bá sá aṣọ pupa, ìfẹ́ ni. Tó bá sá aṣọ funfun, ìfẹ́ tó mọ́ ni. Ó gbé máńgòrò fún un, tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó pín in fáwọn ọmọ ilé ìwé. Ó rán búláòsì kan fún un láìwọ̀n ọ́n rárá. Búláòsì náà bá a mu gẹ́lẹ́, ohun tó sì dẹ́rù ba tíṣà gan-an nìyẹn.

Kò sí ẹni tó sọ fún Phairot pé rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ rárá sójú èèyàn. A máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni wà, ẹ̀rín bóyá wà, ẹ̀rín jọ̀ọ́ máa lọ sílé rẹ náà wà, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì yá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ara Phairot kò yá. Tíṣà rẹ́rìn-ín fún un. Olórí àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ní tẹ́ńpìlì wa ní gbogbo nǹkan ló ní àsìkò tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Èmi náà ní, "Hẹn-ẹn, Phairot," mo sì ta oògùn ikọ́ fún un.

Ní ọjọ́ kan ló bá wọlé tọ̀ wá wá, a ń jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Ó ti rù. Ó jókòó láìjẹ́ pé a ní kó jókòó.

"Àǹtí, mo fẹ́ san ẹ̀jẹ́ mi fún Baba Etídò."

Baba Etídò ni ẹ̀mí tó ń ṣọ́ abúlé wa, ojúbọ rẹ̀ wà nítòsí odò. Ó fẹ́ràn sinimá. Ẹni tó bá ń wá ọmọ, tàbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò, á lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀ pé tó bá ṣẹ, òun á gbé sinimá wá fún un. Tó bá ṣẹ, wọ́n á ránṣẹ́ pè wá. A ó so aṣọ sinimá kó kọjú sí ojúbọ, a ó tẹ́ ẹní Baba síwájú, ẹnikẹ́ni kò sì ní jókòó lé e. Àwa èèyàn á wá máa wò láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé ó ti ṣẹ ni?" mo bi í.

"Ó máa ṣẹ."

"Phairot, ẹni tó bá ti rí tiẹ̀ gbà ló ń san ẹ̀jẹ́."

"Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kí gbogbo yín tó rí nǹkan gbà!" Ojú rẹ̀ ń tàn. "Èmi á san tèmi sílẹ̀. Baba á ti wo sinimá tán, kò ní lè dá a padà. Ojú á tì í, á ṣe é fún mi."

Khian rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi há a lọ́fun. "Ẹ ò rí ọgbọ́n bí? Phairot, ẹ̀mí lo fẹ́ fi ojú tì?"

Phairot náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ṣàwàdà. Ó sọ fíìmù tó fẹ́ fún wa. Ó jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thewin, tó nífẹ̀ẹ́ Dara, obìnrin tí kò rí tiẹ̀ rò. Thewin ń tẹ̀ lé Dara kiri ọjà, ó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bá fọ́tò rẹ̀ jẹun, orí rẹ̀ sì ń dàrú lọ. Ní ìparí, Dara á sáré tọ̀ ọ́ wá létí odò, á ní, "Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀." Fíìmù yẹn kò dáa. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ obìnrin kankan. Àmọ́ Phairot mọ̀ ọ́n lórí.

"Ẹnu Dara ni Baba máa gbà dá mi lóhùn," ó ní. "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ohun tí Dara bá ti wí létí odò, ìdáhùn Tíṣà Ratsami nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sílé ẹ̀. Mo ti bá ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ẹrù sọ̀rọ̀."

"Oògùn rẹ ńkọ́?"

"Mo ti fi í sílẹ̀. Oògùn yẹn ń dí mi létí, Àǹtí. Tí mo bá lò ó, mi ò ní gbọ́ Baba. Tí ìdáhùn bá ti dé, mo máa lò ó."

Ẹ ò rí i bó ṣe yan ìbéèrè, tó sì ti yan ìdáhùn mọ́ ọn. Ó yẹ kí n lé e jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ bí tiwa ṣe rí.

Nígbà tí ọjọ́ sinimá pé, ìyá Phairot wá bá mi ní ọ̀sán níbi tí a ti ń so aṣọ sinimá. Aṣọ náà ti ya láàárín, ẹnikẹ́ni tó bá sì dúró síbẹ̀ nínú fíìmù, orí rẹ̀ á máa là. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú.

"Buaphan, jọ̀ọ́, jẹ́ kí Dara sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe wà nínú fíìmù. Tó bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, á lo oògùn. Ó ti pẹ́ tó ti sùn kẹ́yìn. Ọmọ mi ń lọ lójú mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Tó bá gbé ẹ̀rọ dé ilé onílé?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa wò ó."

Bí ìyá náà ṣe ń sunkún dùn mí, inú sì tún ń bí mi. Wíwò tí gbogbo wa ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí náà ló sọ ọ́ dà báyìí. Tí Dara bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó jọ ti ọmọ yìí wọ inú ọ̀rọ̀ tí kò ní lè jáde mọ́. Tó bá ní rárá, bóyá kò ní fẹnu kan oògùn láé. Mo rò ó títí, mo sì rí ọgbọ́n kan dá. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ara mi.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí èrò fi kún pápá. Ẹni tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ ń yan án, ẹni tó ń gún ìbẹ́pẹ aláta ń gún un. Phairot wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Baba. Tíṣà Ratsami kò sí níbẹ̀. Alàgbà Khamtan, tó ń bójú tó ojúbọ, tan àbẹ́là, ó sì wólẹ̀.

"Baba, sinimá yín rèé o. Ẹni tó gbé e wá sanwó ṣáájú. Ẹ má bínú sí i, ara ọmọ náà ni kò yá."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ bíi Thewin, mo sọ̀rọ̀ bíi Dara, mo gbó bí ajá Dara. Gbogbo ibi tí Thewin bá ti dúró láàárín ni orí rẹ̀ ti ń là, àwọn ọmọdé sì ń kígbe pé kó lọ rán orí ẹ̀. Phairot kò gbọ́ wọn. Ẹnu rẹ̀ ń bá tèmi lọ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí Dara ṣe gbéra ilé tó ń lọ sétí odò báyìí, Khian dá ẹ̀rọ dúró.

"Háà! Ẹ̀yin olè wọ̀nyí!"

"Àǹtí Buaphan, aràn ò sí nínú wa mọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀," mo dá wọn lóhùn. "Aràn kì í bèèrè kó tó wọlé. Ẹni tí inú bá ń run, ẹni tí inú ò tíì run, ẹ sún mọ́bí!"

Nígbà tí Khian ń tà kiri, mo rí ìyá Phairot tó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, oògùn ń bẹ lọ́wọ́ kan, ife omi lọ́wọ́ kejì. Phairot ń mi orí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Tíṣà Ratsami ni, ó fi ìborùn bo orí. Òun náà ti gbọ́ ohun tí Phairot ń retí lẹ́nu Dara.

"Àǹtí, kí ni Dara máa sọ?"

"Fọkàn balẹ̀," mo ní. "Mo ti tún un ṣe. Á sọ fún Thewin pé kó dúró de òun ní ayé àtúnwá."

Mo rò pé á dúpẹ́. Ńṣe ló fọwọ́ lérí.

"Ayé àtúnwá! Àǹtí, ṣé ẹ ò mọ Phairot ni? Ó máa dúró! Abẹ́ igi àjàgbọn yẹn náà ló máa dúró sí!"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Òótọ́ ló sọ. "Kí wá ni kí n ní kó sọ?"

"Pé mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tí ìwọ ò sọ ọ́ fún un látijọ́ yìí?"

"Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé," ó ní. "Mo rẹ́rìn-ín fún un títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Mo ti di ẹrù mi, Àǹtí, mo fẹ́ sá lọ lọ́la. Àmọ́ tí mo bá sá, á ní wọ́n gbé mi pamọ́ fún òun ni. Á wá mi kiri títí á fi kú sọ́nà. Ẹ fún mi ní maikì."

Maikì yẹn, Khian gan-an kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìrọbí mú mi nídìí rẹ̀ rí, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni, mo parí ìjà idà kí n tó lọ bímọ. Mo fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin yìí pé kó máa lọ sílé ìwé rẹ̀. Ni mo bá tún wo iwájú, ìyá Phairot ṣì wà lórí eékún, ife omi wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Khian tan ẹ̀rọ, kò mọ nǹkan kan. Dara sáré jáde létí odò, irun rẹ̀ ń fẹ́, ó la ẹnu. Kò sí ohùn. Ó pa ẹnu dé, ó sì la á padà. Kò sí ohùn síbẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìgbà tí ẹnu Dara wá pa dé pátápátá ni ohùn kékeré kan jáde látinú sìpíkà:

"Ẹ káalẹ́ o."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. "Dara, káalẹ́! Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo fi ìgúnpá gún tíṣà. Ó dijú, ó sọ ọ́. "Mi ò fẹ́ ẹ."

Lójú aṣọ, Dara ṣẹ̀ṣẹ̀ fò mọ́ Thewin lọ́rùn ni. Thewin ń rẹ́rìn-ín eyín funfun.

"Èèyàn dáadáa ni ẹ́, mo mọ̀. Búláòsì tó o rán fún mi dára. Àmọ́ mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ. Mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní nífẹ̀ẹ́ ẹ lọ́la. Jọ̀ọ́, máà jókòó síwájú ilé mi mọ́."

Dara gbé orí lé àyà Thewin. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ ẹ̀pà figbe ta: "Ẹ gbà mí! Ó ń lé e lọ, ó tún ń dì mọ́ ọn!" Àwọn èèyàn ń yí lórí ẹní.

Phairot dìde. Òjìji rẹ̀ bo Thewin àti Dara lójú aṣọ.

"Kì í ṣe ohùn Dara nìyí," ó ní. "Ti Àǹtí Buaphan náà kọ́. Tíṣà, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Kì í ṣe Baba?"

"Baba kọ́. Èmi ni mò ń sọ ọ́."

"O ní rárá."

"Mo ní rárá."

"Àmọ́ o máa ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Phairot, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ajá onílé mi náà, ó sì ti bù mí jẹ rí!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ń wo Phairot. Ó yíjú padà sí aṣọ, ó wo Thewin tó ń fi irun obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́ ṣeré, tí orí rẹ̀ là sí méjì, tí inú rẹ̀ sì ń dùn. Èjìká Phairot bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Lẹ́yìn náà ló wá di ẹkún lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, ó sunkún bí ọmọdé, ìyá rẹ̀ dì í mú, ife omi sì dà sí wọn lára.

Alàgbà Khamtan sún mọ́ ọn. "O ní tí ìdáhùn bá dé, wàá lo oògùn. Ìdáhùn ti dé o."

"Ìdáhùn tí mo sanwó fún kọ́ nìyí," Phairot ní.

"Ta ló ní kó o sanwó ṣáájú?"

Kódà Phairot kò lè dá ẹ̀rín dúró níbẹ̀. Ẹnì kan gbé omi míì wá. Ó gba oògùn náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó mu omi lé e. Èmi gba maikì mi padà. "Ẹ ti rí i pé oògùn dùn ún lò! Oògùn ikọ́ ṣì kù o!" Wọ́n rà á tán.

Ara Phairot kò yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó padà sí ilé ìwòsàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí a fi gbin ìrẹsì tán. Tíṣà Ratsami tú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Phairot dé, ẹsẹ̀ tún gbé e lọ sábẹ́ igi àjàgbọn níjọ́ kan. Tíṣà ṣí fèrèsé, ó ní, "Phairot, rárá o." Phairot ní, "Ẹ̀n, mo ti gbàgbé," ó dìde, ó lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Nígbà ìkórè, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Òun náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Baba láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé tí ọmọ òun bá tún di abẹ́rẹ́ mú, òun á gbé sinimá wá. Ó ti ṣẹ, ó fẹ́ san án, bí ọmọlúàbí ṣe ń san án. Phairot fúnra rẹ̀ ló wá mú aṣọ sinimá wa lọ, ó sì rán ibi tó ya. Mo fi ìka wá ojú ibi tó rán náà títí, mi ò rí i.

"Fíìmù wo ni ká gbé wá?" mo bi í.

"Ti Dara."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, bí a ṣe ń ṣe. Mo mú ojú le dípò rẹ̀. "Phairot, mi ò fẹ́."

"Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí," ó ní. "Mo kàn fẹ́ rí i bó ṣe máa rí tí orí Thewin bá pé ni."

Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Baba, bó ṣe máa ń jókòó. Tíṣà Ratsami wà lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. A ta oògùn, wọ́n bú wa, a tan ẹ̀rọ padà. Dara sáré jáde létí odò, irun rẹ̀ ń fẹ́. Mo fa èémí láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Bó ṣe la ẹnu báyìí, Phairot ké láti iwájú:

"Rárá!"

Ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ọkùnrin, àmọ́ ó bọ́ sí ẹnu Dara gẹ́lẹ́. Gbogbo pápá pariwo. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti túmọ̀ rẹ̀. Mo ti ń fi ohùn sí ẹnu àwọn ará inú fíìmù láti ìgbà èwe mi, mi ò sì ṣe é kó bá ẹnu mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pa maikì, mo jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.